Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Oníkàn àti Ẹni tí Ó Wọ Ibẹ̀

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn nígbà tí ó bá ń lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ojú nìkan ni a fi ń wo ohun tí ó wà níbẹ̀: kí a san owó ìwọlé, kí a rìn yípo, kí a sì jáde. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun tí ó burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí kò ju ìdajì lọ. Ìdajì kejì kò sí nínú gíláàsì. Ẹnu ènìyàn ni ó wà, àwọn tí ó ni ẹnu náà sì ń dínkù lọ́dọọdún.

BÍ ILÉ NÁÀ TI ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1927 ni Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kenneth Murray dé sí Nàìjíríà láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ ọnà. Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìlú, ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá ń parun lójú gbogbo ènìyàn. Ikán ń jẹ òmíràn, òjò ń ba òmíràn jẹ́. Àwọn tí ó ti gba ẹ̀sìn tuntun ń dáná sun òmíràn, àwọn oníṣòwò sì ń ra èyí tí ó dára jù lọ, wọ́n ń kó o lọ sí òkè òkun. Murray kò dákẹ́. Ó ń kọ ìwé sí ìjọba léraléra, títí ìjọba fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1943 tí yóò máa bojú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Èsìẹ́, níbi tí ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin gbé wà, ni ó ṣáájú, ní 1945. Ti Jos tẹ̀ lé e ní 1952, ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1954. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ti Oníkàn. Kí wọ́n tó ṣí i, ìjọba ti ṣe òfin kan ní 1953 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ. Ní 1968, Ekpo Eyo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ olórí ẹ̀ka náà. Ní 1979 ni ìjọba sọ ọ́ di Àjọ tí ń ṣe àkóso gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí òfin bẹ́ẹ̀ fi di dandan, kí ó rántí ohun méjì. Èkínní ni ti Ìbínní ní 1897. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu ìlú náà, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin inú ààfin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Kí ilé Oníkàn tó lè ní iṣẹ́ idẹ Ìbínní tí ó yẹ kí àlejò wò, owó ni Nàìjíríà fi ra lára wọn padà lọ́wọ́ àwọn tí ó kó wọn. Èkejì ni ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ láti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ni wọ́n ti kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn títí di òní. Kò pẹ́ rárá tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò ní ìlú. Ọ̀kan dé British Museum ní London ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà. Méjì bá ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, lọ sí ilé rẹ̀. Òun ni ó dá wọn padà ní 1950.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Netherlands dá ohun 119 tí a kó ní Ìbínní padà, ní Oníkàn gan-an ni wọ́n sì ti ṣe ayẹyẹ ìpadàbọ̀ wọn. Èyí fi hàn pé ilé tí wọ́n ṣí ní 1957 kì í ṣe ibi tí a ń kó ẹrù àtijọ́ jọ sí lásán. Ibi tí ohun tí ó sọnù lè gbà padà wálé ni. Ṣùgbọ́n bí ohun bá ti padà wálé, ìbéèrè kan ń bẹ tí òfin kò lè dáhùn: ta ni ó mọ̀ ọ́n mọ́?

OHUN TÍ ÀKỌLÉ KÒ SỌ

Ère ìbejì ni ó yẹ láti kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá kí ó má ní in. Àkọlé tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀ kì í gùn: ère, igi, Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ kà á, ó wo ère, ó rí i pé ojú rẹ̀ ti pa rẹ́, imú kò yọ mọ́, ètè kò sì hàn dáadáa. Bí kò bá mọ̀, yóò ní agbẹ́gilére náà kò mọ iṣẹ́, tàbí pé ikán ni ó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ ìyá ni ó pa á rẹ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú, Ifá lè ní kí a gbẹ́ ère dípò rẹ̀. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára, a sì máa pọ̀n ọ́n. Bí ìyá bá kú, ẹlòmíràn nínú ẹbí lè máa ṣe é lọ. Ojú tí ó pa rẹ́ yẹn ni ẹ̀rí pé a fẹ́ràn ọmọ tí ó kú, a kò sì gbàgbé rẹ̀. Ohun tí àlejò pè ní àbùkù ni ẹwà rẹ̀.

Ohun tí ó wà lára ère náà tún ju èyí lọ. Ọmọdé ni ó kú, ṣùgbọ́n àgbà ni a gbẹ́: ọkùnrin tí ó dúró ṣinṣin, obìnrin tí ó ti yọ ọmú. Ilà ojú rẹ̀ lè sọ ìdílé tí ó ti wá fún ẹni tí ó bá mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé. Èyí tí ó tilẹ̀ pọ̀ jù kò ṣe é gbẹ́ sí igi rárá. Táyélolú ni ó kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni Yorùbá kà sí ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán èkejì rẹ̀ pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Oríkì tí ìyá ń fi rẹ ère náà lẹ́kún, orin tí ó ń kọ lọ́jà kiri, ẹ̀wà tí ó ń sè fún àwọn ọmọ àdúgbò, gbogbo èyí ni ó para pọ̀ di ìbejì. Gíláàsì kò lè gba èyíkéyìí nínú wọn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọpọ́n Ifá rí. Àlejò a máa wo etí ọpọ́n, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà wà: ẹyẹ, ejò, ẹlẹ́ṣin, àti ojú kan tí ó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Ojú Èṣù ni ojú náà, apá ibẹ̀ ni ó sì máa ń kọjú sí babaláwo. Ṣùgbọ́n àárín ọpọ́n, níbi tí a kò gbẹ́ nǹkan kan sí, ni ibi iṣẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni babaláwo ń da ìyẹ̀rosùn sí, ibẹ̀ ni ó ń fi ìka tẹ odù sí. Bí ó bá ti gbọn ìyẹ̀rosùn náà nù, kò sí ohun tí ó kù lórí igi. Odù 256 ni Ifá ní, olúkúlùkù ni ó sì ní ẹsẹ tirẹ̀ tí ó pọ̀, inú àti ẹnu babaláwo ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹni tí ó rí ọpọ́n tí kò gbọ́ ẹsẹ kan rí dà bí ẹni tí ó rí páálí ìwé tí a ti fa gbogbo ojú ewé inú rẹ̀ yọ.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n a máa gbé e kọ́ sára ògiri, tí ojú rẹ̀ yóò fi kan ojú àlejò. Àlejò a sì gbà pé bí wọ́n ti ń lò ó nìyẹn. Orí ni a ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé, kì í ṣe ojú. Aṣọ ni ó ń bo ojú ẹni tí ó gbé e. Nígbà tí ó bá jáde ní ọjà, kì í ṣe igi nìkan ni ó jáde: aṣọ tí a dì gbìrìgbìrì jáde, ṣaworo ẹsẹ̀ jáde, ìlù jáde, ẹ̀fẹ̀ tí a ti fi gbogbo òru ṣe sì ti ṣáájú wọn, gbogbo rẹ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. UNESCO mọ èyí dájú. Nígbà tí àjọ náà kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, kì í ṣe igi orí rẹ̀ ni wọ́n kéde, bí kò ṣe ohùn ẹnu àti ijó rẹ̀. Lára igi nìkan, ènìyàn kò lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Adé onílẹ̀kẹ̀ sì tún ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rọ̀ sílẹ̀ níwájú wà kí ojú lásán má bàa kan ojú ọba. Èèwọ̀ ni fún ọba pàápàá láti wo inú adé tí ó ń dé. Bí irú adé bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gíláàsì, ọmọ kékeré lè bẹ̀rẹ̀ kí ó yọjú wo inú rẹ̀, ohunkóhun kò sì ní ṣe é. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá mọ èèwọ̀ náà tí ó sì sọ ọ́ fún ọmọ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ti fún un ní ohun tí ó ju adé lọ.

OHUN TÍ A DÁRÚKỌ ÀTI OHUN TÍ KÒ LÓRÚKỌ

Bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì pé ohùn ẹnu ni ó gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ró, kí ó fi iṣẹ́ Ifẹ̀ méjì wé ara wọn. Ojú kan wà tí a fi bàbà rọ, tí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé a kò sin ín rí, pé ààfin Ọọ̀ni ni ó wà láti ìran dé ìran. Ọbalùfọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan sọ orúkọ náà fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sọ ọ́ fún tirẹ̀, títí ó fi kan ìgbà tí a ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn orí tí wọ́n kàn ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 kò kéré sí i lẹ́wà. Ọwọ́ tí ó rọ wọ́n mọ iṣẹ́ bí ti ẹni tí ó rọ Ọbalùfọ̀n. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni wọ́n gbé wà, ilẹ̀ kì í sì í sọ orúkọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wọn gígùn wọn, wọ́n ti yẹ irin inú wọn wò, wọ́n ti jiyàn nípa ilà tí ó fa wálẹ̀ lójú wọn àti ihò tí ó yí ẹnu àwọn kan ká. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè pe ọ̀kan nínú wọn kí ó dáhùn. Báyìí náà ni ti àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Àwọn ará ìlú bá wọn níbẹ̀ ni, wọ́n ń bọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ wọn ti lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ti agbẹ́gilére kò yàtọ̀. Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn kan láti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní London, kò sì padà wálé mọ́; British Museum fi ìtẹ́ kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì lè ki oríkì rẹ̀, wọ́n sì gba á sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní London, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó gbẹ́ ẹ wà ní Èkìtì, lẹ́nu obìnrin arúgbó kan. Bí ó bá ṣe pé ẹni tí ó lọ béèrè pẹ́ ní ọdún díẹ̀ sí i ni, oríkì náà ìbá ti bá a wọ ilẹ̀ lọ.

ỌKỌ̀ TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN WỌN

Ohun kan tún wà ní Oníkàn tí kì í ṣe iṣẹ́ baba ńlá ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú kan ni, tí ihò ìbọn lu kiri lára. Inú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba Nàìjíríà, wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí àwọn tí ó fẹ́ gbàjọba dènà dè é ní Èkó, tí wọ́n sì pa á. Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń pẹ́ sí jù. Ohun tí ó fà á ni pé ọkọ̀ náà ṣì ní àwọn tí ń sọ ọ́. Bàbá ọmọ kan rántí ohùn tí ó gbọ́ lórí rédíò ní ọjọ́ náà. Ìyá àgbà òmíràn rántí ibi tí ó wà nígbà tí wọ́n ti ọjà. Ọmọ náà ti gbọ́ àrọ́bá kí ó tó rí ìtàn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ̀ yìí àti orí idẹ Wúnmọníjẹ̀ kì í ṣe ti ẹwà, kì í sì í ṣe ti iye owó. Ìyàtọ̀ náà ni pé a ṣì rí ẹni bi nípa ọ̀kan, a kò rí ẹni bi nípa èkejì mọ́. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1976 ti di arúgbó nísinsìnyí. Bí a kò bá ṣọ́ra, ọkọ̀ náà yóò dákẹ́ bí àwọn orí náà ti dákẹ́.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A LỌ

Nítorí náà, ìrìn-àjò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Oníkàn. Ilé ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó ọmọ lọ lè yan ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, kí ó sì rán olúkúlùkù ọmọ sí àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pẹ̀lú ìbéèrè: kí ni wọ́n ń pe èyí ní ìlú wa? Ta ni ó ń lò ó? Ọ̀rọ̀ tàbí orin wo ni ó bá a rìn? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Kí ọmọ kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí àgbà náà ti sọ ọ́ gan-an, ní èdè ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó tàbí Ẹ̀gbá. Bí ó bá dé Oníkàn, kí ó dúró pẹ́ níwájú ohun kan ṣoṣo ju kí ó sáré kọjá níwájú ọgọ́rùn-ún. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ bí ó bá lè ṣe é, nítorí ọwọ́ tí ń ya nǹkan a máa jẹ́ kí ojú rí i. Bí ó bá padà dé ilé, kí ó tún lọ bá àgbà náà, kí ó sọ ohun tí ó rí. Ìgbà náà ni àgbà yóò rántí ohun tí kò rántí sọ lákọ̀ọ́kọ́.

Àwọn òbí kan wà tí ẹ̀rù ń bà pé bí ọmọ bá wo ère, yóò bọ ère. Ó yẹ kí a fi sùúrù dá wọn lóhùn. Mímọ̀ kì í ṣe bíbọ. Onígbàgbọ́ tí ó mọ ìdí tí ojú ìbejì fi pa rẹ́ kò di olórìṣà. Ó mọ bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣọ̀fọ̀ ni. Mùsùlùmí tí ó mọ ohun tí a ń fi àárín ọpọ́n ṣe kò di babaláwo. Ó mọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ kó ọgbọ́n wọn pamọ́ sí ni. Àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀wẹ̀, ń bínú pé a kó ohun ọ̀wọ̀ jáde fún gbogbo ojú láti wò. Ìbínú wọn ní ìdí. Ìdáhùn tí ó dára jù lọ fún wọn ni pé kí àwọn tí ń wò ó mọ ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i.

Iṣẹ́ kíkó ọ̀rọ̀ jọ yìí kò ju agbára ẹ̀dá lọ. Adébóyè Babalọlá tọ àwọn oníjàálá lọ, ìwé rẹ̀ lórí ìjálá sì jáde ní 1966. Wándé Abímbọ́lá jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ki ohun tí wọ́n kọ ti kú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kì kò kú. Ìjọba kọ́ ilé fún igi, idẹ àti amọ̀ sísun ní 1957, ó sì ṣe òfin tí ń ṣọ́ wọn. Kò sí òfin tí ó lè ṣọ́ ohun tí ó wà lórí ahọ́n arúgbó. Ẹni tí yóò ṣọ́ ọ ni ọmọ tí ó bá lọ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti kálàmù nígbà tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kí a tètè béèrè, nígbà tí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ṣì wà láàyè.